Ìpàdé Tí Mo Ti Kọ Kí Ó Tó Wáyé

Bí wọ́n bá ń jiyàn lórí rédíò pé ṣé kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú máa jókòó yan olùdíje ni, àbí kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jáde ṣe ìdìbò abẹ́lé, mo máa ń dín ohùn rédíò náà kù. Kì í ṣe pé mi ò ní èrò. Mo ní. Ohun tí ojú mi rí nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò fẹ́ rántí. Ṣùgbọ́n mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìgbà Sáàpù ni, tí náírà já wálẹ̀ tí ọjà òkèèrè sì wọ́n gógó, àwọn ṣọ́jà ló ń ṣèjọba. Akọ̀wé sítọ́ọ̀ ni mí ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ariwo ẹ̀rọ pọ̀ débi pé ọwọ́ la fi ń júwe ọ̀rọ̀ fún ara wa. Nígbà tó yá, òwú ò wọlé mọ́. Wọ́n ń pa ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku mẹ́rin. Síbẹ̀, fèrè ilé-iṣẹ́ ṣì ń dún láago mẹ́fà àárọ̀ àti láago méjì ọ̀sán, ó ń pe ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí mo bá húkọ́ ní ìkángun kan nínú gbọ̀ngàn yẹn, màá gbọ́ ọ ní ìkángun kejì bí ẹni pé ẹlòmíràn ló hú u.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà lára àwọn tí wọ́n dá dúró. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, èmi jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, a jọ wọ iṣẹ́ náà lọ́dún kan náà ni. Ó lọ jókòó sí Dópẹ̀mú, ó ń tún sítóòfù ṣe. Orúkọ tèmi náà wà nínú ìwé àwọn tó máa lọ, ṣùgbọ́n alága ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní wọ́ọ̀dù bá ọ̀gá kan sọ̀rọ̀, wọ́n sì yọ mí kúrò. Alága ò béèrè nǹkankan lọ́wọ́ mi. Wọ́n kàn ní, "Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ dára. Máa bọ̀ wá ṣe akọ̀wé fún wa."

Ẹgbẹ́ méjì péré ni ìjọba fọwọ́ sí nígbà náà. Èwo nínú méjèèjì ni tiwa, mi ò ní sọ. Àwa mọ́kànlá là ń jókòó ní pálọ̀ alága ní Ifákọ̀ láti yan ẹni tó máa du ipò kánsẹ́lọ̀. A kì í dìbò. Alága á dárúkọ ẹnìkan, wọ́n á wá béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé, "Ta ló ní ọ̀rọ̀ mìíràn?" Bí kò bá sí ẹni tó dáhùn, a ti fẹnu kò nìyẹn. Mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni dáhùn rí.

Ọ̀rẹ́ mi yìí wà lára àwa mọ́kànlá, òun ló ń ṣojú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀sẹ̀ tí a máa yan kánsẹ́lọ̀, mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Dópẹ̀mú lọ́jọ́ Túsìdeè.

"Mọ́kànlá!" ló sọ, ó ń fa òwú sítóòfù yọ. "Mọ́kànlá tó gbá bọ́ọ̀lù lóòótọ́, àmọ́ ṣé ó tó yan èèyàn fún gbogbo wọ́ọ̀dù? Gbogbo ẹni tó ní káàdì ni kó jáde, kó tò sẹ́yìn ẹni tó wù ú. Màá sọ ọ́ lójú wọn lọ́jọ́ Sátidé."

"Rọra o," ni mo wí.

"Ìjẹ̀bú! Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yìí, bí sítóòfù bá gbiná, ìwọ lo máa kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ kó má bínú." Ó rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ó gbé sítóòfù náà sílẹ̀. "Bí mo bá sọ ọ́, ṣé wàá kọ ọ́ sínú ìwé?"

"Iṣẹ́ mi ni. Ohun tí o bá sọ ni màá kọ."

"Ìyẹn ti tó. Kó sáà ti wà nínú ìwé."

Lọ́jọ́ kejì, alága ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti fa kọ́tìnì pálọ̀ pa. Wọ́n nawọ́ ìwé bíi mẹ́rin sí mi, ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ játijàti.

"Bá mi dà á kọ dáadáa. Àwọn tó ń ṣètò ìdìbò fẹ́ rí àkọsílẹ̀ ìpàdé wa ní kùtùkùtù Mọ́ńdè."

"Ìpàdé wo ni, sà?"

"Ti Sátidé."

Mo rẹ́rìn-ín. Alága ò rẹ́rìn-ín. Mo wo ìwé náà. Ẹni tó máa gbàdúrà wà níbẹ̀, ẹni tó máa dábàá wà níbẹ̀, ẹni tó máa kín in lẹ́yìn náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti yan àna alága. Lẹ́yìn ìbéèrè kẹta, wọ́n kọ ọ́ pé: "Kò sí ẹni tó dáhùn." Ní ìsàlẹ̀ ni orúkọ ẹni kan ṣoṣo tó tọrọ gáfárà pé òun ò ní lè wá nítorí àìlera. Orúkọ ọ̀rẹ́ mi ni. Lẹ́tà kékeré kan tún wà níbẹ̀ bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, pé ara òun ò yá. Èmi náà ni kí n dà á kọ.

"Ara rẹ̀ le, sà. Mo rí i lánàá."

Alága wò mí pẹ́. Wọn ò gbé ohùn sókè. "Mo mọ̀ pé ara rẹ̀ le," ni wọ́n sọ. "Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ọ́fíìsì lásán ni, pé bí àwọn èèyàn ńlá ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo tiẹ̀ fi gbólóhùn kan kún ọ̀rọ̀ ẹni tó máa dábàá, kó lè dùn-ún kà: "lẹ́yìn àgbéyẹ̀wò fínnífínní." Nígbà tí mo ń lọ sílé ní Tọ́sìdeè àti Fúráídè, mi ò gba Dópẹ̀mú kọjá.

Láago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé, àwa mẹ́wàá la jókòó. Àga kan ṣófo. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ẹni tó ni ín. Ẹni tí wọ́n kọ pé ó máa gbàdúrà ló gbàdúrà. Ẹni tí wọ́n kọ pé ó máa dábàá dìde. Oníṣòwò pákó ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo ògiri, ó ní, "Lẹ́yìn àgbéyẹ̀wò fínnífínní."

Gbólóhùn tèmi nìyẹn. Bóyá alága ti ka ìwé náà fún un, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ láti inú ẹnu ẹlòmíràn.

"Ta ló ní ọ̀rọ̀ mìíràn?" Fáànù nìkan là ń gbọ́. Alága tún béèrè. Nígbà kẹta, mo rántí pé ètè mi yà. Mo wo ìwé tó wà níwájú mi: "Kò sí ẹni tó dáhùn." Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Mo pa ẹnu mi dé.

Láti ibẹ̀, ilé ọ̀rẹ́ mi ní Agége ni mo gbà lọ. Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ara rẹ̀ ò yá," ló sọ, kò wò mí lójú. Mo wọlé. Ọ̀rẹ́ mi dùbúlẹ̀ gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti múra ìpàdé tán. Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Kò gbóná.

"Ara mi ò yá," ló sọ fún àjà.

"Kí ni wọ́n ṣe fún ọ?"

"Àwọn méjì kan ló gbé lẹ́tà wá láàárọ̀ pé kí n fọwọ́ sí i. Wọn ò fọwọ́ kàn mí. Mo fẹ́ fà á ya. Àfi ìgbà tí mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ." Ó ṣẹ́jú. "Mo ní bí ìwọ bá ti mọ̀, tí o ò wá sọ fún mi, a jẹ́ pé ohun tó ń bọ̀ ju agbára mi lọ. Mo bá fọwọ́ sí i."

Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà, ìjọba kéde pé àwọn ò gba orúkọ tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ mú wá mọ́, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan jáde tò sẹ́yìn fọ́tò olùdíje. Ọ̀rẹ́ mi wá bá mi ní ẹnu géètì ilé-iṣẹ́. Mo rò pé ó wá bú mi ni.

"Mo máa du kánsẹ́lọ̀ náà," ló wí. "Wá tò sẹ́yìn mi. Kódà bó bá ku ìwọ nìkan."

"Màá wá," ni mo sọ.

Pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n ti ṣe é, láago mẹ́wàá àárọ̀. Ìlà tó wà lẹ́yìn fọ́tò àna alága yí pápá ká. Alága jókòó sábẹ́ igi, wọn ò wo ẹnikẹ́ni. Èèyàn pọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò sí ariwo, bíi gbọ̀ngàn tiwa tí òwú ti tán. Ní apá kejì, ìyàwó ọ̀rẹ́ mi gbé fọ́tò ọkọ rẹ̀ dání. Èèyàn mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo dúró láàárín. Ọ̀rẹ́ mi rí mi. Kò pè mí, kò juwọ́ sí mi. Mo ronú sí iṣẹ́ mi, mo ronú sí àwọn méjì tó gbé lẹ́tà lọ sílé rẹ̀. Mo rìn lọ sẹ́yìn ìlà tó gùn.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ìdìbò abẹ́lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù lè ba èèyàn níbẹ̀ náà. Ní pálọ̀ alága, mo lè sọ pé ìwé ló ṣe é. Ní pápá, ẹsẹ̀ ara mi ni mo gbé.

Òṣìṣẹ́ tó ń kà wá ń fọwọ́ kan èjìká wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ka iye kan síta lórí mi, ó kọjá. Nígbà tí wọ́n kà á tán, èèyàn mẹ́rin ni ti ọ̀rẹ́ mi, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó bọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́. Ó gba fọ́tò náà, ó wá ń rìn bọ̀ níwájú ìlà wa, ó ń kí ẹni tó bá mọ̀, "Ẹ kú ìdúró o, ẹ kú ìdúró." Nígbà tó dé iwájú mi, ó kí mi bẹ́ẹ̀ náà, bí ẹni tó ń kí àlejò.