Ojú Kan àti Bàálù Oníke

Ọdún méjìlá ni páálí náà fi wà lábẹ́ ibùsùn Jethro Ọmọ́níyì. Òkè òkun ló ti rà á, nígbà tí wọ́n rán an lọ kọ́ṣẹ́ àtúnṣe bàálù ológun. Bàálù oníke ló wà nínú rẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ so mọ́ ọ̀pá ike bí èso. Irú èyí tí Jethro ń tún ṣe ní Kàdúná gan-an ni. Ó ní ọjọ́ tí òun bá fẹ̀yìn tì lòun yóò tò ó.

Ìgbà Sáàpù, tí ìjọba ń dín òṣìṣẹ́ kù, ò jẹ́ kó fẹ̀yìn tì. Wọ́n dá òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró, ó padà sí Oǹdó. Kò pẹ́, ojú òsì rẹ̀ kú. Dókítà kan ní Àkúrẹ́ yẹ ọ̀tún wò, ó ní òun náà ti ń tẹ̀ lé èkejì rẹ̀ lọ. Oògùn tí wọ́n ń kán sí i kò sí lórí àtẹ mọ́.

Ọjọ́ yẹn ni Jethro fa páálí jáde. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kó fi ojú ara rẹ̀ rí bàálù náà lódindi kí òkùnkùn tó dé.

Gọ́ọ̀mù inú páálí ti gan. Ó gbìyànjú ti àwọn aránbàtà, kò mú. Ó wá rántí àwọn tó ń kun mọ́tò lẹ́yìn Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, a máa yọ́ ike. Ó bu díẹ̀ wálé nínú ìgò róbù, ó ń fi ṣóńṣó ìyẹ́ adìyẹ tọ́ ọ sí etí ike. Ike méjì á rọ̀, wọ́n á gbá ara wọn mú bí ẹni pé wọn ò pínyà rí.

Láràárọ̀ ló ń ṣe é lẹ́bàá fèrèsé, bí Fọláwùmí ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà, bá ti lọ síléèwé. Apá lónìí, ìrù lọ́la. Nígbà mìíràn yóò dáwọ́ dúró, yóò rí pápá tí ọyẹ́ bò, bàálù kan yóò gbéra níbẹ̀, yóò kéré títí yóò fi dà bí hóró ìrẹsì lójú ọ̀run, òun á sì wà nílẹ̀ pẹ̀lú gírísì lọ́wọ́, á máa dúró dè é.

Ó wá ku gíláàsì orí ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Ike ni òun náà, ó sì mọ́ gaara. Jethro tọ́ tínà sí i, ó gbé e lé, ó dì í mú. Nígbà tó gbọ́wọ́ kúrò, kùrukùru ló rí. Ó nujú, ó tún wò ó: kùrukùru. Kò lè gbójú sókè wo fèrèsé, ẹ̀rù ń bà á pé ibẹ̀ náà yóò rí bákan náà. Ó pajú dé.

Bẹ́ẹ̀ ni Fọláwùmí bá a lọ́sàn-án. Ó bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni. Jethro ní rárá, ohun tí dókítà wí ló dé.

Obìnrin náà sún mọ́ fèrèsé. Ó mú bàálù náà, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀.

"Bàbá Bísọ́dún, kí lẹ fi kan gíláàsì yìí tó fi ṣú báyìí?"

Jethro kò la ojú. "Ìwọ náà rí i?"

"Ṣé mi ò lójú ni? Bí omidùn ló rí."

Tínà ni. Ogún ọdún ló fi ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ pé tínà ò gbọdọ̀ kan gíláàsì bàálù, kó má baà ṣú. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì í, irú ẹ̀rín tí Fọláwùmí ti gbọ́ kẹ́yìn ní Kàdúná. Ó la ojú. Fèrèsé wà níbẹ̀ kedere. Fọláwùmí wà níwájú rẹ̀, ẹfun ìkọ̀wé lára apá ẹ̀wù rẹ̀.

Jethro wo ìyàwó rẹ̀ pẹ́, kó tó nawọ́ gba bàálù.