Ẹyẹ Abẹ́ Òrùlé Wa ní Veddel

Nígbà tí màmá mi dé ọ̀dọ̀ wa ní Veddel, ní ìlú Hamburg, ohun tí mo fi sọ́kàn ni pé wọn ò ní padà sí Ìbàdàn mọ́. Bàbá mi ti kú, àwa ọmọ ti fọ́n ká. Ta ni yóò bu omi fún wọn mu? Màmá ò bá mi jiyàn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo máa ń fi wọ́n sí láàárọ̀, ibẹ̀ náà ni mo máa ń bá wọn tí mo bá ti ibi iṣẹ́ mi ní Billbrook dé. Bí mo bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń rò, wọ́n á ní, "Ilé làbọ̀ sinmi oko." Ó máa ń dùn mí.

Ẹyẹ ló kọ́kọ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó dúdú, ó ń dán, ó ní àmì funfun wínníwínní lára bí ẹni fi iyọ̀ wọ́n ọn, ó sì ń gbé inú ihò lábẹ́ òrùlé wa. Star ni wọ́n ń pè é níbí lédè Jámánì. Kò sí ohùn tí kì í sín jẹ. Aládùúrà sì ni wá. Màmá kì í bẹ̀rẹ̀ àdúrà òwúrọ̀ láì lu agogo. Lọ́jọ́ Sátidé kan, agogo dún. Èmi àti ọkọ mi sáré wọ sùtánà, a kúnlẹ̀ sí pálọ̀, ọkọ mi ti gbé orin. Màmá yọjú láti yàrá, oorun ṣì wà lójú wọn.

"Ta ló lu agogo?"

"Mummy, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ring ẹ ni?" ni ọkọ mi wí.

Agogo tún dún. Ọmọbìnrin wa kékeré nawọ́ sókè. "Der Vogel, Grandma."

Ẹyẹ ni lóòótọ́. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Látọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ẹyẹ yìí ti wọ̀ wọ́n lára. Ìyá Jámánì tó ń gbé nísàlẹ̀ wa sọ fún wa pé inú koríko kúkúrú ló ti ń wá kòkòrò jẹ. Bí wọ́n ṣe ń kọ́lé sórí pápá, tí wọ́n sì ń dí ihò ara ilé, bẹ́ẹ̀ ló ń dínkù. Wọ́n ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tí ewu wà lórí wọn. Nígbà tí a lọ kí àbúrò mi ní Berlin, màmá rí ọ̀pọ̀ wọn lórí pápá ńlá Tempelhof, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Inú mi dùn. Mo rò pé ẹyẹ ti bá mi bẹ̀ wọ́n.

Òtútù dé, abẹ́ òrùlé dákẹ́.

"Níbo ló lọ?" ni màmá bi mí.

"Ibi tó móoru, mà. Spain, tàbí Morocco. Kì í dé Ìbàdàn." Mo wá fọgbọ́n fi kún un: "Àmọ́ á padà wá. Ibí nilé ẹ̀."

"Kí ló sọ ibí di ilé ẹ̀?"

"Ibí ló ń pa ọmọ ẹ̀ sí, mà."

Màmá di ọwọ́ mi mú. "Ìbàdàn ni mo bí ẹ sí. Jẹ́ n máa lọ."

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo sọ ohun tí mo ti ń sọ láti ọdún gbọọrọ, pé kí wọ́n ní sùúrù, tó bá yá, gbogbo wa la jọ máa padà sílé.

Màmá wo ọmọ mi tó sùn sórí àga, ọmọ tí mo bí sí Hamburg níbí.

"Ìwọ kọ́," ni wọ́n wí. "Ilé tìẹ nìyí. Máa wá kí mi."