Ẹnu Mi Nínú Ìdánwò Ìyàwó Wa

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló sọ mí ní Eyínmẹ́nugún. Ọ̀sẹ̀ tó wọlé wa ló ti fún mi lórúkọ náà, torí kò jẹ́ pe àbúrò ọkọ lórúkọ, èmi náà sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń ṣí eyín káàkiri nítorí ẹ̀. Bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, eyín mi ló máa kọ́kọ́ rí kó tó rí ẹ̀rọ. Àṣé irọ́ funfun báláú ni ìyàwó wa ń pa fún mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó, ó ń ká etí aṣọ kan tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Eyínmẹ́nugún mi," ló wí nígbẹ̀yìn, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o. Ẹnu yín ni mo wá tọrọ."

"Kí lo fẹ́ fi ẹnu mi ṣe?"

"Ìdánwò ni."

Mo mọ ìdánwò tó ń wí. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà nílé ìwòsàn eyín, tó ń gbé irin fún dókítà, tó ń fa itọ́ lẹ́nu aláìsàn, tó sì ń fọ àwo. Ó pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì kó tó padà sílé ìwé lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ha eyín. Ó yege nínú ti orí ìwé. Ti ọwọ́ ló kù, ẹni tí kò bá sì yege nínú ìyẹn kò ní gba ìwé àṣẹ, kò sì gbọ́dọ̀ ha eyín ẹnikẹ́ni láyé. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó fìdí rẹmi. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló kẹ́yìn. Bó bá tún fìdí rẹmi, kó padà lọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé láti kíláàsì àkọ́kọ́.

Kì í sì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló já a kulẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ẹni tó ń ṣèdánwò ló gbọ́dọ̀ fúnra ẹ̀ mú ẹni tí òun máa ha eyín ẹ̀ wá, èérí sì gbọ́dọ̀ ti gan mọ́ eyín ẹni náà, kó le bí òkúta, lára eyín méjìlá ó kéré tán. Wọ́n ní ẹnu ẹni tó mú wá mọ́ jù. Látìgbà náà, ìyàwó wa kì í wo ojú èèyàn mọ́, ẹnu ló ń wò. Bí ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀, á na ọrùn bí ẹni tó ń wá owó tó jábọ́.

"Èérí wà lẹ́nu èmi?" ni mo bi í.

"Lẹ́yìn eyín iwájú, nísàlẹ̀. Àti àwọn ti kọ̀rọ̀ lókè. Ó… ó dáa gan-an ni."

"Ìgbà wo lo ti rí i?"

Ó wo ilẹ̀. "Ó ti tó ọdún mẹ́fà."

"O rí i, o ò sọ?"

"Ta ni mo jẹ́, tí mo fi máa sọ fún ọmọ ilé pé ẹnu wọn dọ̀tí?"

Inú bí mi débi pé mo ní kó máa lọ. Bó ṣe jáde ni mo gbé díńgí tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn, mo la ẹnu síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ohun tí mo rí níbẹ̀, ẹ má bi mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba ilé wọn lọ láti lọ bá a jà dáadáa, torí èyí tí mo jà ní ṣọ́ọ̀bù kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé. Mo rí i nídìí tábìlì ilé ìdáná, ó fi ìka mẹ́ta mú ẹyin adìẹ kan, ó ti fi ọ̀dà èékánná kun ẹyin náà, ó sì ń fi irin ha ọ̀dà náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Tó bá tẹ̀ ẹ́ jù, èèpo á sán. Ẹyin ló fi ń kọ́ eyín! Abọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó kún fún àwọn tó ti sán. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ti ń jẹ ẹyin láàárọ̀ lálẹ́, mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Ètè ẹ̀ ń mì, ó ń ka iye ìgbà tó fi irin lọ, ọrùn ẹ̀ sì ti le gbagidi. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Gbogbo ìjà tí mo kó bọ̀ tán lẹ́nu mi.

"Ìgbà wo ni ìdánwò náà?" ni mo ní.

Ó ta gìrì, ẹyin náà sì fọ́.

Yàrá ńlá kan ni wọ́n ti ṣe é, àga aláìsàn méjìlélógún tò lọ gbọọrọ, iná sì wà lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi nọ́ńbà kẹrìnlá há mi láyà. Obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka òfin fún àwa tí wọ́n fẹ́ ha eyín wa. Àwọn olùyẹ̀wò wà ní yàrá kejì, wọn kò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni iṣẹ́ tí wọ́n ń wò.

"Ẹ má dárúkọ ẹni tó mú yín wá o. Ẹ má júwe ẹ̀. Bí wọ́n bá tipasẹ̀ yín mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ ẹ̀ dòfo nìyẹn."

Mo ní mo gbọ́.

Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó ga ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ. Mo rí ìpayà lójú ìyàwó wa lókè ìbòmú. Wọ́n ní kí n sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ta ló lè sinmi? Mo dijú, mo ń ka bọ́tìnnì aṣọ tí mo fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n tún wọ̀n ọ́n, ó ti wálẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní kí n kọjá. Ní yàrá kejì, àwọn olùyẹ̀wò mẹ́ta yẹ ẹnu mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní èérí náà tó, ó tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Inú mi dùn! Wọ́n bú mi lójú mi, inú mi dùn.

Nígbà tí mo padà sórí àga, ìyàwó wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fún un. Irin ń han lẹ́nu mi, omi ń ṣàn, ó ń fà á. Kò bá mi sọ ju "ẹ yí sí mi díẹ̀" lọ. Ibì kan wà ní kọ̀rọ̀ òkè, ó kúrò níbẹ̀, ó padà, ó tún kúrò, ó tún padà. Òógùn kan rìn láti iwájú orí ẹ̀ wá sí etí ìbòmú. Ẹnì kan kígbe pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyàwó wa sì tún padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀karùn-ún. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wọn gbé irin sílẹ̀, ìka ẹ̀ kò tètè là.

Èmi nìkan ló máa padà lọ sí yàrá kejì, òun kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé mi.

Olùyẹ̀wò àkọ́kọ́ wò ó, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ìkejì, ọkùnrin kan tó sanra, fi ṣóńṣó irin kan mi lẹ́ran ìdí eyín, mo sì pariwo.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ṣé bí ẹni tó tọ́jú yín náà ṣe gún yín nìyí?"

Èmi tí mo lè jà! "Ìyàwó wa kẹ̀? Ọwọ́ ìyàwó wa kì í gún èèyàn bíi tiyín!"

Ọkùnrin náà gbé irin sílẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni mo mú ọ̀ràn tèmi bá.

Wọ́n mú mi lọ bá ọ̀gá wọn, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í yẹ ẹnu wò, tó jẹ́ pé ìwé orúkọ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó yín," ló wí. "Obìnrin tó ní ọkọ pọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣèdánwò lónìí. Ìyẹn nìkan ò tíì tú u. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ ti dárúkọ ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni níbí."

"Rárá, sà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Kí lorúkọ ẹ̀? Kí n fi wé ti inú ìwé."

Mo la ẹnu. "Ìyàwó…" Mo tún un ṣe. "Ìyá Ìbejì ni, sà."

"Orúkọ ẹ̀ ni mo ní."

Mo wá a. Wọ́n pè é lọ́jọ́ ìgbéyàwó, mo wà níbẹ̀, mo ń jó. Látìgbà náà, ẹnu mi ò pè é rí. Kò sí nínú orí mi.

"Ọdún mélòó lẹ ti jọ wà?"

"Mẹ́tàdínlógún, sà."

Ó wò mí títí. "Èèyàn ò lè tú ohun tí kò mọ̀," ló sọ, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé. "Iṣẹ́ ẹ̀ ò dòfo. Ẹ máa lọ."

Ó yẹ kí n fò sókè. Ojú ló tì mí, irú ìtìjú tí n kò rí rí. Òun fún mi ní orúkọ, mo fi ń ṣe fáàrí káàkiri. Èmi gba tiẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, n kò tiẹ̀ mọ ibi tí mo gbé e sí.

Ó wà ní kọ́rídọ̀, ó ń fi ọwọ́ kan tẹ èkejì. "Ṣé kò sí nǹkan?" Mo sọ fún un pé mo pè é ní ìyàwó wa lójú wọn, àti pé wọ́n ní kò bà á jẹ́. Èyí tó kù, n kò lè sọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò bú mi. Ìbá bú mi, ìbá sàn.

Wákàtí kan lẹ́yìn náà, wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ ògiri. Kẹrìnlá wà níbẹ̀: ó yege. Kò pariwo. Ó kọjú sí ògiri, ó ń sunkún, mo sì dì í mú.

Akọ̀wé kan pè wá. "Ẹni kẹrìnlá! Ẹ wá kọ orúkọ yín bí ẹ ṣe fẹ́ kó wà lórí ìwé àṣẹ."

Ó mú bírò, bírò bọ́. Ìka ẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́.

"Eyínmẹ́nugún mi, ẹ bá mi kọ ọ́."

"Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?"

"Bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n náà ni."

Mo di bírò mú. Akọ̀wé ń wò wá, àwọn èèyàn ti tò sẹ́yìn.

"N ò mọ̀ ọ́n," ni mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí lorúkọ yín?"

Ó gbójú sókè, torí n kò bá a sọ "ẹ" rí. Ó wá pe orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé. Mo kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà, mo sì kà á sókè fún akọ̀wé.