Bakitéríà tí mo fẹ́ fi orúkọ bàbá mi sọ

Mo ti gbìyànjú láti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, kò ṣeé gbé mì. Ẹ jẹ́ kí n kúkú fẹnu ara mi sọ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ másítà ni mí. Ìgándó ni èmi àti bàbá mi ń gbé. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ mi ni láti wá bakitéríà tó ń gbé lára gbòǹgbò koríko etíkun, níbi tí iyọ̀ pọ̀ sí. Ọ̀gá mi ní fásitì kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́. Ooru mú, ọwọ́ mi ń làágùn, mo bọ́ ọ jàre. Ta ló rí mi?

Nígbà tó yá, nǹkan kan hù nínú àwo tí mo fi gbòǹgbò náà sí ní láàbù, ó ń dán. Mo da iyọ̀ sí i, kò kú. Mo fi kún un, ńṣe ló ń gbilẹ̀. Mo ní èyí ò tíì sí rí láyé.

Ṣé kí n dúró de èsì àyẹ̀wò? Èmi kọ́. Mo gbé kẹ̀kẹ́ láti Ìkòtún, mò ń dá rẹ́rìn-ín, mo lọ sọ fún bàbá mi pé orúkọ wọn ni mo máa fi sọ ọ́. Wọ́n bi mí bóyá ó ń fa àìsàn. Mo ní rárá. Ní Sunday, wọ́n wọ aṣọ funfun wọn, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Làwọn ará àdúgbò bá ń pè wọ́n ní Baba Bakitéríà.

Èsì dé. Ọ̀gá mi rọra bi mí pé, "Ọwọ́ lásán lo fi ṣe é, àbí?"

Bakitéríà ara awọ ènìyàn ni. Iyọ̀ inú òógùn ti mọ́ ọn lára. Àṣé ìdọ̀tí ọwọ́ mi ni mo ti ń gbàdúrà fún.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sá fún bàbá mi nínú ilé kan náà. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, wọ́n bi mí pé:

"Ṣé o jẹ́wọ́ fún ọ̀gá rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Lọ wá gbòǹgbò míì. Màá sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Wọ́n sọ ọ́ lóòótọ́. Wọ́n ní ọmọ àwọn ṣàṣìṣe, ó sì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, ìdúpẹ́ ti ọ̀tẹ̀ yìí nìyẹn. Mo sunkún lórí ìjókòó.

Mo ti padà sí etíkun, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn pa ẹnu mọ́ títí èsì á fi dé. Ọ̀kan ti hù báyìí, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ní kò jọ èyí tí wọ́n mọ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ṣá, àfi ẹ̀yin.

Kí lẹ̀yin náà ti kéde kó tó dójú ẹ̀? Ẹ sọ ọ́ síbí, kó má jẹ́ èmi nìkan.