Àpò Yanrìn Léjìká Ràbí

Òórùn àpò ìdọ̀họ tí òjò pa ṣì máa ń kó ìtìjú bá mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Igbein, tíṣà tó ń kọ́ wa ní eré sísá gbé irú àpò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n rọ yanrìn sí lé ọ̀rẹ́ mi Ràbí léjìká. Òun ló máa sáré fún ilé-ìwé wa. Èmi ni igbákejì rẹ̀, tí yóò sáré bí òun ò bá lè sá a.

“Rọra lóṣòó,” ni tíṣà wí. “Gìgísẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀.”

Bí tíṣà ṣe wọlé lọ mu omi ni ìyá arúgbó kan ń kọjá.

“Ràbí, àgbà ń kọjá! Ṣé o ò ní kúnlẹ̀ ni, ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́?” ni mo wí.

Ó kúnlẹ̀ tòun tàpò. Orúnkún rẹ̀ gbá àpáta.

“Yéè! Ọmọ mi, ṣebí kó o fẹnu kí mi ti tó!” ni ìyá náà kígbe.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń gbé e yẹ̀ wò: n kò mọ̀ pé yóò fara pa, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé yóò kúnlẹ̀.

Tíṣà sáré jáde. “Ta ló ní kóo kúnlẹ̀ tòun tẹrù?”

“Kò sẹ́nìkan, sà. Mo fẹ́ kí àgbà ni.”

Tíṣà wò mí, wọ́n ní kí n lọ bọ́ bàtà mi, kí n wá lóṣòó dípò Ràbí.