Ta Ló Máa Sùn Ti Eegun Wàsíù?

Màmá mi fẹ́ lọ sùn ti eegun kan ní ọsibítù.

Wàsíù àbúrò mi ló ń tẹ́ táìlì fáwọn tó ń kọ́lé ní Ibafo. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, orúnkún ọ̀hún ti wá bàjẹ́. Lónìí ni dókítà pè wá, ó ní àwọn máa gé díẹ̀ nínú eegun rírọ̀ tó wà ní oríkèé rẹ̀, àwọn á mú un dàgbà nínú láàbù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn á sì dá a padà.

"Ta ló máa dúró tì í?" Màmá ló bi í.

"Wàsíù á ti padà sílé, Màmá."

"Èyí tẹ́ ẹ gé ni mò ń bi yín. Ṣé ó máa dá sùn ni?"

"Inú ẹ̀rọ ló máa wà. A kì í jẹ́ kí àlejò wọbẹ̀."

"Tẹ́ ẹ bá gbé tẹlòmíì fún un ńkọ́?"

"A máa kọ orúkọ rẹ̀ sí i."

"Wàsíù mélòó ló wà ní Mowe wa yìí nìkan?"

Gbogbo ohun tí mo ti kà nípa iṣẹ́ abẹ yìí, mi ò ronú kan ìyẹn. Wàsíù kàn ń wo orúnkún rẹ̀. Bí Màmá ò bá gbà, kò ní lọ ṣe é.

Dókítà mú bírò. "Màmá, kí ni oríkì rẹ̀?"

"Àkànmú."

"A máa kọ Àkànmú sí i."

"Ó dáa. Kẹ́ ẹ máa kì í láràárọ̀ o, kó lè tètè dàgbà."

Ẹ̀yin abiyamọ, ṣé Màmá jẹ̀bi?