Ìgò Wáìnì Orí Kọ́bọ́ọ̀dù

Òórùn ọtí kíkan ló gba pálọ̀ wa ní Dagenham lọ́sàn-án Sátidé yẹn, ó sì borí òórùn ìrẹsì àti adìyẹ díndín tí ìyàwó mi ti ń sè láti òwúrọ̀. Ọmọbìnrin wa ló gboyè ní yunifásítì. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi tọ́jú ìgò wáìnì pupa kan de ọjọ́ náà, èso àjàrà Cabernet tí wọ́n po oríṣi méjì mìíràn mọ́, tí orúkọ ìdílé tó ṣe é ń dán bíi wúrà lára rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, ìdérí rẹ̀ ti rin gbindin, ohun tó dà sínú ife sì dà bí omi tíì. Àǹtí ìyàwó mi tọ́ ọ wò, ó fúnjú pọ̀: "Àna wa ọ̀mọ̀wé, ṣé ọtí kíkan lẹ fi ń ṣe àlejò ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ ìwà mi. Bí bọ́ọ̀sì bá pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin, lẹ́tà ẹ̀sùn ni. Ojú ewé mẹ́ta ni mo kọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo fi nọ́ńbà sí ẹ̀sùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, látorí ìdérí, àwọ̀ àti òórùn títí dé ìtìjú tó bá mi níwájú àna. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìdílé tó ń ṣe wáìnì náà, mo fi èkejì ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á, nítòsí ilé ìtajà Vicarage Field. Inú ti ṣọ́ọ̀bù ni mo kọ ẹ̀sùn keje sí: pé ẹni tó tà á fún mi mọ̀ pé ayédèrú ni.

Bàbá Ìjẹ̀bú kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló tà á fún mi. Lọ́jọ́ tí mo rà á, tí mo ní ti ọjọ́ tí ọmọ mi bá gboyè ni, ó sọ ìtàn oko náà bí ẹni pé oko bàbá tirẹ̀ ni: pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń já èso rẹ̀, pé lọ́dún tí òjò bá ba àjàrà jẹ́, wọn kì í ṣe é rárá. Bó ṣe ń dì í sínú ọ̀rá ló ní, "Àbúrò, mo mọ ìwà àwa Yorùbá o. Má lọ gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù fún àlejò wò. Ibi tó tutù, tó ṣókùnkùn, ni kó o tẹ́ ẹ sí." Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà." Mo délé, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, lókè rédíétọ̀ tó ń mú ilé gbóná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílé bàbá mi. Ìgò tó níyì kì í gbé inú òkùnkùn.

Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn kò sí nínú ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo rántí rẹ̀ nígbà tí mo ń kọ ẹ̀sùn kẹrin, mo sì ń kọ ọ́ lọ.

Obìnrin tó ni oko àjàrà náà ló fèsì, ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Kò bá mi jà. Ó bẹ̀ mí, ó fi ìgò mìíràn ránṣẹ́, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ibo ni ìgò náà gbé nílé yín? Mo gbójú sókè wo kọ́bọ́ọ̀dù. Rédíétọ̀ ń kùn lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà ní, "Bàbá? Wọ́n ti dá Bàbá dúró lẹ́nu iṣẹ́ o. Kọ́sítọ́mà kan ló ní féèkì ni Bàbá ń tà. Máníjà wà nínú ọ́fíìsì, ṣé kí n pè wọ́n fún yín?"

Mo ní rárá.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo pàdé bàbá ní ibùdókọ̀ kan ní Alibon. Òun ló kọ́kọ́ kí mi. "Àbúrò! Ìgò wa ńkọ́? Ṣé ẹ ti ṣí i fún ọmọ?"

"A ti ṣí i, sà."

"Ó dùn àbí kò dùn?"

"Ó dùn gan-an, sà."

Ó pàtẹ́wọ́. "Mo sọ fún ẹ! Wọ́n ní féèkì ni mò ń tà, wọn ò tiẹ̀ sọ ẹni tó fẹjọ́ mi sùn. Kò burú. Ó kéré tán, ẹnì kan mọ òótọ́."

Bọ́ọ̀sì mi dé, mo wọ̀ ọ́.

Tẹ́lẹ̀, mo gbà pé ẹni tó bá lè ka àṣìṣe ọmọlàkejì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìfo ọ̀kan, olódodo ni. Mo ka méje, mo fo tèmi. Lẹ́tà tó yẹ kí máníjà yẹn gbà lọ́wọ́ mi kò ju ìlà méjì lọ, n kò sì tíì kọ ọ́. Ìgò kejì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tó tutù, tó ṣókùnkùn, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí bàbá ṣe wí. Ojú rẹ̀ ni mo máa ń gbà kọjá lójoojúmọ́. N kò lè ṣí i.